Ẹ Yé Sọ Pé Yorùbá Kò Lè Sọ Sáyẹ́ǹsì: Ẹ Wo Ewé Akíntọ́lá



Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí ní ọdún 2022, èyí tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan ti ń tàn kálẹ̀, ó sì ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Àwọn tí wọ́n ń sọ ọ́ kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, àwọn mìíràn nínú wọn sì ní oyè gígùn níwájú orúkọ. Wọ́n á ní, "Yorùbá dára fún oríkì, ó dùn nínú òwe, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti sáyẹ́ǹsì, ẹ fi í sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì."

Irọ́ ni. Mo sì fẹ́ bá wọn jà á lórí pápá tí àwọn fúnra wọn yàn. N kò ní mú àpẹẹrẹ tí ó rọrùn. Mo mú èyí tí ó dà bí ẹni pé ó le jù: bí a ṣe ń fi pọ́límà tí a rí lára igi àti ẹranko ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí a ṣe ń fi oje ewé tún un ṣe, àti bí a ṣe ń fi í bo ọgbẹ́ kí ó lè jinná. Ibi tí mo sì máa gbé ọ̀rọ̀ náà kà ni Ìkẹjà sí Agége, níbi tí èéfín ilé iṣẹ́ àti òórùn búrẹ́dì ti jọ ń gba ojú ọ̀run.

Kí ni pọ́límà? Ẹ ronú sí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Hóró ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo kò tó nǹkan. Ìgbà tí a bá sín in sí òwú ni ó tó di ẹ̀ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni pọ́límà rí: hóró kékeré tí ó so kọ́ra ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, títí wọ́n fi di okùn gígùn tí ojú lásán kò lè rí. Bí hóró náà bá jẹ́ gúlúkóòsì, tí a sín in lọ́nà kan, ó di sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́. Bí a bá sín gúlúkóòsì kan náà lọ́nà mìíràn, ó di òwú, ó di igi. Ohun tí ó mú kí ẹ̀kọ yàtọ̀ sí pákó kò ju ọ̀nà ìsín lọ. Awọ màlúù pẹ̀lú jẹ́ pọ́límà. Èèpo edé àti ti akàn ní tirẹ̀ nínú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń yọ jáde tí wọ́n sì ń sọ di ohun tí wọ́n ń pè ní chitosan. Ǹjẹ́ ẹnìkan wà láàárín yín tí kò yé? Mi ò tíì lo Gẹ̀ẹ́sì kankan tí ó ju orúkọ lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a ṣe awọ náà. A ó bu sítáàṣì ẹ̀gẹ́ sínú omi, a ó gbé e ka iná. Bí ooru rẹ̀ bá ti ń tó ìwọ̀n 60 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, hóró sítáàṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi, á wú, á bẹ́, àwọn okùn inú rẹ̀ á sì tú síta. Omi náà á ki. Gbogbo ẹni tí ó ti dúró ti ìkòkò ẹ̀kọ rí ni ó ti fojú rí i, yálà ó mọ ìdí rẹ̀ tàbí kò mọ̀ ọ́n. A ó wá dà á sórí ohun tí ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, a ó sì jẹ́ kí ó gbẹ. Bí omi ti ń lọ, àwọn okùn á máa súnmọ́ra, wọ́n á di ara wọn mú. Ohun tí ó kù á mọ́ gaara bí awọ inú ẹyin. Ṣùgbọ́n á gan, bí a bá sì ká a, á ṣẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fi gilisarínì sí i kí wọ́n tó dà á: gilisarínì á wọ àárín okùn àti okùn, kò ní jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra jù, awọ náà á wá rọ̀, yóò ṣeé ká.

Ibi tí ewé ti wọlé nìyí. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewé ni èròjà kan wà tí ó máa ń fún ahọ́n pọ̀, irú èyí tí ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu bí ẹ bá jẹ obì tútù. Nígbà tí a bá da oje irú ewé bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ sítáàṣì tàbí chitosan, èròjà náà á fara mọ́ àwọn okùn pọ́límà, á sì yí ìwà awọ náà padà: bí ó ṣe le tó, bí ó ṣe ń mu omi tó, bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó yọ́. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí a bá fi awọ náà lé ojú egbò, oje náà á máa jáde díẹ̀díẹ̀, á máa bá kòkòrò àrùn jà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín èyí àti kí a kàn fún omi ewé sí egbò, nítorí pé a lè wọn iye oje tí ó wà nínú awọ, a sì lè mọ iye wákàtí tí yóò fi máa jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa á ti máa rẹ́rìn-ín. Kí ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ? Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń sè. Wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i kí ó lè pẹ́ nínú aró. Ní Ìbàdàn, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ pẹ̀lú rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, àwọn mìíràn á fi páànù tí wọ́n gé ihò sí tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá gbẹ, ó di awọ lára aṣọ, aró kò sì ní ráyè wọ ibi tí ó bò. Awọ pọ́límà tí a fi èròjà mìíràn tún ṣe nìyẹn, tí a gbé kalẹ̀ lójú kan pàtó, tí a wọn bí yóò ti pẹ́ tó kí omi tó ṣí i kúrò. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń ṣe é kò kàwé Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọmọ iṣẹ́, Yorùbá ni wọ́n fi bá a wí nígbà tí ẹ̀kọ rẹ̀ bá ṣàn jù.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí orúkọ, nítorí pé mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń dúró de ibẹ̀. "Fíìmù" kò ṣeé lò fún awọ yìí, àwòrán sinimá ni yóò wá sọ́kàn ènìyàn. "Ọ̀rá" ni àwọn ará ọjà ń pe ohun tí a fi ń di búrẹ́dì, ṣùgbọ́n ọ̀rá ẹran wà níbẹ̀ tí ó ń bá a du orúkọ. Ní tèmi, "awọ fẹ́lẹ́" ti tó. Ọmọ ọdún mẹ́fà á mọ ohun tí à ń wí. N kò fara mọ́ àwọn tí wọ́n máa ń jókòó sínú yàrá hun ọ̀rọ̀ tí ó gùn bí okùn ìkànga, tí àwọn fúnra wọn kò lè rántí ní ọ̀la. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń bá ọ̀tá ṣiṣẹ́ láìmọ̀, nítorí pé inú ìwé wọn ni àwọn ẹlẹ́gàn ti ń mú ẹ̀rí pé Yorùbá ò ṣeé lò. Bí a bá nílò "pọ́límà", kí a pè é ní pọ́límà. Ṣebí àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ọwọ́ Gíríìkì ni wọ́n ti yá a.

Nínú gbogbo ewé tí a lè fi ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀kan wà tí ìtàn rẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn. Ewé Akíntọ́lá ni. Ní ìlú mìíràn, ewé kan náà ni wọ́n ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìjà tí ó fọ́ ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ní àwọn ọdún 1960 á mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti pani lẹ́rìn-ín tó: àwọn olóṣèlú méjì tí wọn kò lè jókòó nínú yàrá kan jọ wà lórí igi kan ṣoṣo. Orúkọ tí gbogbo onímọ̀ ayé mọ̀ ọ́n sí ni Chromolaena odorata. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí àwọn onímọ̀ sọ ni pé ó bá irúgbìn igi mèlínà wọ Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1930 sí 1940. Bí ó ti dé ni ó bo oko, àwọn àgbẹ̀ sì ń ṣépè fún un títí di òní.

Ṣùgbọ́n láàárín ìran kan péré, ọmọ tí ó fi àdá ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lóko ti mọ̀ pé òun á já ewé rẹ̀, òun á fi ọwọ́ ra á, òun á sì fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ta ni ó kọ́ ọ? Kò lè jẹ́ ogún àwọn baba ńlá wa, nítorí pé àwọn baba ńlá wa kò fojú kan ewé náà rí. Ẹnìkan ni ó kọ́kọ́ dán an wò. Ẹlòmíràn tún un dán wò, ó rí i pé òótọ́ ni, ó sọ fún ará abúlé kejì. Wọ́n fi wé yúnyun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ dídá. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Bí èyí kì í bá ṣe ìwádìí, ẹ sọ ohun tí ó jẹ́ fún mi. Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, òkè òkun ni ó ti wá, Nàìjíríà ni ó sì ń kó ẹ̀gẹ́ jáde nínú ilẹ̀ jù ní gbogbo ayé lónìí. Àlejò ni pọ́límà náà, àlejò ni ewé náà; èdè onílé ni a fi mọ ìwà àwọn méjèèjì.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi ewé yìí ṣe. Ní Vietnam, níbi tí ó ti jẹ́ àlejò bíi ti ọ̀dọ̀ wa, àwọn dókítà wọn mú oje rẹ̀, wọ́n pè é ní Eupolin, ìjọba wọn sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi í tọ́jú ọgbẹ́ àti ojú iná. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àwọn èròjà inú rẹ̀ ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì awọ ara ènìyàn. Ewé tí à ń fi àdá gé dànù lẹ́yìnkùlé!

Ayé sì ti ń lọ sí ọ̀nà awọ àti ewé yìí tipẹ́. Ní ọdún 1962, George Winter ní ìlú Ọba fi ọgbẹ́ ara ẹlẹ́dẹ̀ hàn pé èyí tí a fi awọ fẹ́lẹ́ bò, tí kò gbẹ, fẹ́rẹ̀ẹ́ yá ní ìlọ́po méjì ju èyí tí a ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ lọ. Ní ọdún 2002, ìjọba Amẹ́ríkà gba báńdéèjì HemCon wọlé, èyí tí wọ́n fi chitosan inú èèpo edé ṣe. Ó bá àwọn ọmọ ogun wọn dé ojú ogun ní Iraq. Ní ọdún 2003, àwọn dókítà ní Mumbai kọ ìwé nípa bí wọ́n ṣe fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ojú iná àwọn aláìsàn, tí ó sì ṣe wọ́n lóore, lówó pọ́ọ́kú. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ o! Àwa tí à ń fi ewé di ọ̀ọ̀lẹ̀, tí à ń fi ewé di ẹ̀kọ, tí a sì mọ̀ pé ohun tí a fi ewé dì kì í tètè bàjẹ́.

Ó yẹ kí irú iṣẹ́ yìí ti ọ̀dọ̀ wa jáde. Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ìrìn wákàtí kan láti Òṣòdì dé Agége, bí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ọkọ̀ bá gbà yín láàyè. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1956, wà ní Òṣòdì létí òpópónà Agége. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, láti orí gààrí dé orí ìyẹ̀fun búrẹ́dì. May & Baker, tí ó ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1944, ní ilé ní òpópónà Sapara ní Ìkẹjà. Swiss Pharma wà ní Dọ̀pẹ̀mú, Agége. Ilé ìwòsàn LASUTH wà ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà láti ọdún 2001. Ní Oko Ọba, Agége kan náà, ni wọ́n ti ń pa màlúù tí ó pọ̀ jù ní Èkó: awọ rẹ̀ di pọ̀nmọ́, egungun rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Láti inú awọ àti egungun bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí jẹ́látììnì tí wọ́n fi ń ṣe kápúsù oògùn káàkiri ayé. Edé àti akàn ń ti ọ̀sà wá lójoojúmọ́.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, páìpù epo bú gbàmù ní Abúlé Ẹ̀gbá, tí kò jìnnà sí Agége; àwọn tí ó jóná kú ju igba lọ. Iná ilé ìdáná, sítóòfù kẹrosínì, gáàsì, kì í sinmi láti ọjọ́ náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni GlaxoSmithKline kéde pé àwọn ń kógbá iṣẹ́ wọn ní Nàìjíríà sílé, bí náírà sì ti ń já wálẹ̀ ni owó ohun tí a ń kó wá láti òkè òkun ń gòkè. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ jóná kò ní ráyè dúró de ọkọ̀ ojú omi.

Kí ni èdè wá fi kan èyí? Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. Ẹ wọ inú ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní àdúgbò wọ̀nyí, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n wà nídìí ẹ̀rọ: Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ pé ẹ̀rọ gbóná jù, Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ pé nǹkan náà ti ki jù. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí ó wà lára ògiri, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìwé ìlò tí ó wà nínú páálí oògùn, Gẹ̀ẹ́sì ni, nígbà mìíràn Faransé tẹ̀ lé e, fún àwọn ará Bẹ̀nẹ̀. Ìyá tí omi gbígbóná dà sí ọmọ rẹ̀ lára á mú páálí náà dání, kò ní mọ ohun tí ó wí. Yóò wá ṣe ohun tí aládùúgbò sọ: yóò da ẹyin tútù sí i, tàbí epo, tàbí àdín. Omi tútù tí ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lò, ọ̀rọ̀ tí kò gba ju ìlà kan lọ ní Yorùbá.

N kò ní dá ẹ̀bi fún ilé iṣẹ́ nìkan kí n wá fi àwọn alágbo sílẹ̀. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ń ta ewé, ẹ jọ̀wọ́, oògùn kan kò lè wo jẹ̀díjẹ̀dí, ibà, àtọ̀gbẹ àti àìríọmọbí pọ̀. Ewé Akíntọ́lá tí mo ń yìn yìí, èròjà kan wà nínú rẹ̀, pàápàá nínú gbòǹgbò àti òdòdó, tí ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ewé tí a já láti ilẹ̀, tí a kò fọ̀, tí a jẹ lẹ́nu tí a sì fi lé egbò, lè gbé tẹ́tánọ́ọ̀sì wọ ara. Èyí ni ìdí tí a fi nílò ilé iṣẹ́: kí wọ́n wọn ọ́n, kí wọ́n yọ ibi tí kò dára kúrò, kí wọ́n pa kòkòrò inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fi orúkọ ewé pamọ́ kí ẹlòmíràn má baà mọ̀ ọ́n, ìmọ̀ náà á bá a wọ ibojì.

Orúkọ òpópónà tí mo dá lẹ́ẹ̀kan ń rán mi létí Dókítà Ògúntọ́lá Sàpàrà, tí ó kú ní ọdún 1935. Ó kàwé ìṣègùn ní ìlú Ọba. Nígbà tí ó padà sílé, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn abọrẹ̀ Ṣọ̀pọ̀ná ní ìkọ̀kọ̀ títí ó fi mọ bí wọ́n ti ń tan àrùn náà kálẹ̀, ó sì tú wọn fó. Síbẹ̀, ọkùnrin kan náà yìí ni ó ń wádìí ewé àti egbò, tí ó gbà pé ìmọ̀ wà níbẹ̀. Kò gba ìwàkiwà nítorí pé ó jẹ́ ti ilé, kò sì sọ ìmọ̀ nù nítorí pé ó jẹ́ ti ilé. Gbogbo èyí, ṣé ẹ rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi bá àwọn abọrẹ̀ sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin olùwádìí ní yunifásítì, ó kan yín o. Nínú ìwé yín, ẹ máa ń kọ orúkọ ewé ní Yorùbá láìfi àmì sí i, bí ẹni tí ń sáré kọjá. Ẹ kọ "orin ata" sílẹ̀. Kí ni kí n kà? Orin tí a kọ fún ata ọbẹ̀? Orín àtà ni, igi tí àwọn onímọ̀ ní Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣófowóra nínú wọn, ti yẹ̀ wò fún àrùn sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́jẹ̀ dídà láti nǹkan bí 1970. Ẹ tún wo oògùn àrùn kan náà tí wọ́n ń pè ní Niprisan. Ọwọ́ àgbàlagbà Yorùbá kan, Àlùfáà Ogunyale, ni ìmọ̀ rẹ̀ ti wá: iyèré, osùn, kànáfùrù àti poroporo ọkà bàbà. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gbé e jáde ní Àbújá ní ọdún 2006 ní orúkọ Nicosan. Ní ọdún 2008 gbèsè gbé ilé iṣẹ́ náà ṣubú. Nínú orúkọ méjèèjì, ẹ bá mi wá iyèré, ẹ bá mi wá osùn. Bí ìgbà tí a gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí a sì yí orúkọ rẹ̀ padà.

Mo gbà pé orúkọ Yorùbá nìkan kò tó. Ewé kan lè ní orúkọ mẹ́rin láti Òndó dé Òkè Ògùn, orúkọ kan sì lè jẹ́ ti ewé méjì. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí orúkọ Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀, orúkọ ìlú tí a ti gbọ́ ọ, àti orúkọ àgbáyé wà pọ̀ lójú kan. Iṣẹ́ ni lóòótọ́. Pierre Verger ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ nínú ìwé Ewé tí ó jáde ní 1995, òyìnbó Faransé sì ni.

Àwọn tí wọ́n sì ń sọ pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ yóò rẹ̀yìn, wọ́n gbàgbé pé a ti dán an wò. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì nínú rẹ̀, fún odindi ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Èkó fúnra rẹ̀ ṣe òfin ní ọdún 2018 pé kí Yorùbá di dandan ní ilé ẹ̀kọ́. Aláùsá ní Ìkẹjà ni wọ́n ti ṣe òfin náà, kò jìnnà sí àwọn ilé iṣẹ́ tí mo dárúkọ.

Bí ó bá jẹ́ àìsí ẹni tí yóò kọ ọ́ ni ó ń dá wọn dúró, mo ti bá wọn kọ ọ́. Ní ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ kan ní àdúgbò yìí bá ṣe awọ ẹ̀gẹ́ tí oje ewé Akíntọ́lá wà nínú rẹ̀, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, tí NAFDAC sì fọwọ́ sí i, kí wọ́n kọ èyí sára páálí rẹ̀, n kò ní gba kọ́bọ̀:

Awọ fẹ́lẹ́ fún ojú iná kékeré. A fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ àti oje ewé Akíntọ́lá ṣe é. Kọ́kọ́ fi omi tútù tí ń ṣàn sí ojú iná fún ogún ìṣẹ́jú. Má ṣe fi yìnyín, epo, àdín tàbí ẹyin sí i. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ. Tẹ́ awọ náà sórí ojú iná, má ṣe fà á le. Bí iná náà bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ aláìsàn lọ, tàbí tí ó wà lójú, lọ́wọ́ tàbí lábẹ́, tàbí tí ó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.